Ríra ilé-iṣẹ́ kì í sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì di ọ̀kan

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti ra òmíràn, ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀gá ni pé: "Ẹ ṣáà fa wáyà débẹ̀, kó ti parí kí ọjọ́ Ajé tó mọ́." Wọ́n gbà pé bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé, kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti di ọmọ ìyá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹni tó bá sì fi ìgbàgbọ́ yẹn ṣiṣẹ́ á kó sí wàhálà.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi àdírẹ́sì mú un. Ọjà Ọba wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Àkúrẹ́, ó wà ní Ìlọrin. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí onílùú kọ̀ọ̀kan mọ èyí tó ń wí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró ní Mọ́lété, tí ẹ ní kí ọlọ́kadà gbé yín lọ sí Ọjà Ọba, tó sì jẹ́ pé ti Àkúrẹ́ lẹ ní lọ́kàn, ọlọ́kadà yẹn kò ní jáde ní Ìbàdàn. Èyí tó mọ̀ ló máa gbé yín lọ, kò sì jẹ̀bi.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà ń ṣe, nọ́ńbà sì ni àdírẹ́sì tirẹ̀. Láti oṣù Kejì ọdún 1996 ni ìlànà RFC 1918 ti ya ọ̀wọ́ nọ́ńbà mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé: èyí tó fi 10 bẹ̀rẹ̀, èyí tó lọ láti 172.16 dé 172.31, àti 192.168. Ẹni tó bá wù lè lò wọ́n láìtọrọ àyè, torí wọn kì í jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ router, ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà inú ilé pọ̀ mọ́ ìta, ti ń gbé 192.168.0 tàbí 192.168.1 wá látinú páálí, àwọn èèyàn kì í sì í yí i padà. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ méjì fi máa ń forí gbárí.

Irú rẹ̀ ṣojú mi. Akọ̀wé owó kan ní Ìbàdàn fẹ́ ṣí ìwé owó tó wà lórí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà àjọlò, ti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Àkúrẹ́. Ó tẹ 192.168.1.20, bó ṣe wà lórí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ohun tó yọ sí i ni ojú ewé kámẹ́rà ẹnu géètì tiwọn, tó ń béèrè password. Kọ̀ǹpútà náà kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ router. Ó gbà pé inú ilé níbẹ̀ ni 20 wà. Iná aláwọ̀ ewé sì ń tàn lára gbogbo wáyà.

Ojútùú tó lè dúró ni kí ẹ̀gbẹ́ kan yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Kọ̀ǹpútà lásán kò le, router á pín tuntun fún wọn. Ibi tó ti ń le ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kámẹ́rà, ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ ń fi ìka tẹ̀ láàárọ̀, àti ètò ìṣirò owó àtijọ́ tí ẹni tó kọ nọ́ńbà sínú rẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ètò kan wà lórí router tó ń jẹ́ NAT, ó lè máa pààrọ̀ nọ́ńbà lẹ́nu ibodè fúngbà díẹ̀. Mo máa ń lò ó, ṣùgbọ́n bí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá wọlé, ó máa ń ṣòro láti mọ ẹ̀rọ tó gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ olè yìí ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni Marriott ra ilé-iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì Starwood tán. Olè ti wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì Starwood láti ọdún 2014, Marriott kò sì mọ̀ títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Àjọ ICO ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń rí sí ààbò ìsọfúnni àwọn èèyàn, ṣírò rẹ̀ pé àkọsílẹ̀ àlejò tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó mílíọ̀nù 339, ó sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 18.4 pọ́n-ùn lé Marriott lórí lọ́dún 2020. Àwọn kan á ní, "Ẹ jẹ́ ká kúkú fi tiwọn sílẹ̀ lọ́tọ̀." Ọdún méjì ni ètò ìgbàyàrá Starwood fi ń dá ṣiṣẹ́ lábẹ́ Marriott, inú rẹ̀ ni olè náà sì wà.

Tèmi ni pé kí firewall, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kọ́kọ́ wà láàárín, kó ti gbogbo ilẹ̀kùn, kí a wá máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Kí a pa password àwọn tó ti lọ rẹ́. Kí a mú bírò, ká wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, ká ka gbogbo ohun tó ní wáyà lára. Nígbà tí a ṣe é ní Àkúrẹ́, a bá router kan lẹ́yìn fìríìjì. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ní íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kò sì sẹ́ni nínú ọ́fíìsì yẹn tó mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀.