Ta ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n tún un wọ̀n?

Ní ọjà Kàbà, ẹni tó bá gbọ́n a máa yí kọ́ńgò dojú dé kó tó ra gàrí. Ìdí kọ́ńgò ló ń wò. Bí wọ́n bá ti lù ú wọnú, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹwàá, iye kan náà ni yóò máa fún ọ, àmọ́ iye ọ̀hún kò pé. (Onígàrí kì í fẹ́ràn irú oníbàárà bẹ́ẹ̀.) Ọ̀tọ̀ ni kí òṣùwọ̀n má yẹhùn, ọ̀tọ̀ ni kó sọ òótọ́. Èyí tí kì í yẹhùn ni ìtàn tèmi dá lé, nínú iṣẹ́ àwọn onísaikọ́lọ́jì tó ń wọn inú ènìyàn.

Ológun ni Charles Spearman. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó fi iṣẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Wilhelm Wundt ní Leipzig, ní Jámánì. Lọ́dún 1904 ó fi hàn pé bí a bá fi òṣùwọ̀n tó ń mì wọn ohun méjì, okùn tó so wọ́n pọ̀ yóò dà bíi pé ó tín-ín-rín ju bó ṣe rí lọ. Lọ́dún 1910, òun àti William Brown, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbé ọgbọ́n kan náà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà kan ṣoṣo: dípò kí o pe èèyàn padà wá ṣe ìdánwò tó ti há sórí, pín ìbéèrè rẹ̀ sí méjì, kí o wò bóyá apá kan ń sọ ohun tí apá kejì ń sọ.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ibi tí a ó ti pín in? Ìbéèrè mẹ́wàá péré, ọ̀nà 126 ló wà láti pín in ní ọgbọọgba, kálukú pẹ̀lú èsì tirẹ̀. Kuder àti Richardson tú kókó yìí lọ́dún 1937 fún ìbéèrè tó jẹ́ gbà tàbí kọ̀: wọ́n rí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń sọ bí gbogbo ìbéèrè ṣe bára mu tó, láìsí pé a ń yan ibi tí a ó ti pín in. Guttman dé ibi tó gbòòrò ju ìyẹn lọ ní 1945. Lee Cronbach ló sọ irú nọ́ńbà náà ní alpha ní 1951, orúkọ rẹ̀ ló sì lẹ̀ mọ́ ọn. Nínú ìwé tó jáde ní 2004, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ní ojú ń ti òun pé orúkọ òun ni wọ́n fi ń pè é. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà fún ìyẹn.

Èmi náà ti rí alpha lójú ara mi. Ní Ìsánlú, mo bá akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé fọ́ọ̀mù ìbéèrè kiri fún pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó bi màmá kan pé, "Màmá, ṣé ẹ̀rù kì í bà yín bí ilẹ̀ bá ṣú?" Màmá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ẹ̀rù kì í bà á nìyẹn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ti jáde ìwé mẹ́wàá, dáhùn ìbéèrè kan náà pé, "Rárá." Ẹ̀rù kì í ba òun náà! Akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ màmá sí ọ̀dọ̀ àwọn ojo, ó kọ ọmọ sí ọ̀dọ̀ akíkanjú. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀, alpha já wálẹ̀. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní kó yọ ìbéèrè yẹn dànù. Alpha gòkè. Kò sẹ́ni tó padà lọ bá màmá.

Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń dán kọ́ńgò wò kí wọ́n tó dán ìwádìí fúnra rẹ̀ wò lọ́pọ̀ yanturu. Ní 2015, Brian Nosek àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún 100 ìwádìí saikọ́lọ́jì ṣe. Ìpín 97 nínú ọgọ́rùn-ún ìwádìí àkọ́kọ́ ló ní òun rí nǹkan tó ṣe gúnmọ́; nínú àtúnṣe, ìpín 36 ni. Kó tó di ìgbà yẹn, ìwé àtìgbàdégbà Cortex ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan mìíràn ní 2013: wọ́n á yẹ ìbéèrè àti ọ̀nà ìwádìí wò, wọ́n á gbà á wọlé, kí ẹnikẹ́ni tó mọ èsì. Ká ní irú ojú bẹ́ẹ̀ bá fọ́ọ̀mù wa kí a tó kúrò nílé ni, bóyá ẹnì kan ì bá ti fa ìlà sábẹ́ "kì í" yẹn.