Ọ̀yàyà Nìkan Kọ́ Ni Kí Ọ̀rọ̀ Èèyàn Jẹni Lógún

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ṣáá ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ mi ní Òwódé, nílùú Ọ̀yọ́, tó sì máa ń bí mi nínú. Oníbàárà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa wo àwọn ọmọ iṣẹ́ méjèèjì tó wà lọ́dọ̀ mi, á wá ní: “Èyí mọ èèyàn gan-an o, ó lọ́yàyà. Ìkejì yìí ni mi ò mọ bó ṣe máa rí oníbàárà tiẹ̀.” Á tún fi kún un pé àbímọ́ni ni, pé ẹni tí wọn ò bá bí ìfẹ́ èèyàn mọ́, kò sí bó ṣe lè kọ́ ọ.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ọ̀yàyà dára. Ta ló fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n á ti dijú mọ́ ọn? Ibi tí mo ti ń bá wọn fà á ni pé wọ́n sọ nǹkan méjì di ọ̀kan: kéèyàn yá mọ́ni, àti kí ọ̀rọ̀ ẹni jẹ ẹ́ lógún.

Obìnrin kan wà tó ti ń rán aṣọ lọ́dọ̀ mi fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́jọ. Ọmọ iṣẹ́ mi tó lọ́yàyà ló máa ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Á kúnlẹ̀, á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, á ní: “Mọ́mì mi, ẹ káàbọ̀ o! Ilé ńkọ́? Àwọn ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Bàbá ńkọ́?” Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, á ní wọ́n wà. Lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, ọmọ yìí tún béèrè bẹ́ẹ̀. Bàbá ọ̀hún, bàbá tó bí obìnrin náà lọ́mọ, ti kú. Kì í sì í ṣe pé a ò gbọ́. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti rán aṣọ ẹbí tí wọ́n fi sin ín, ìró àti bùbá mọ́kànlá, ọmọ yìí gan-an ló sì lọ gbogbo rẹ̀. Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ. Mo gbójú sókè lórí máṣíìnì. Obìnrin náà ò bínú. Ó ní, “A dúpẹ́.” Ó ka owó iṣẹ́ sórí tábìlì, ó gba aṣọ rẹ̀, ó sì jáde láì jókòó bó ṣe máa ń jókòó.

Ohùn ìkejì, ẹni tí wọ́n ní kò mọ èèyàn, kì í dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ tó ń wọn ìyá àgbàlagbà kan, ó rí i pé nígbà tóun ní kí wọ́n na apá ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi gbé e sókè. Kò sọ ọ́ síta. Ó sún mọ́ wọn, ó rọra ní: “Mà, ṣé apá yìí ń mú kó nira láti wọ aṣọ?” Ìyá ní ó ti ṣe díẹ̀, pé ọmọ-ọmọ wọn ló ń bá wọn wọ bùbá. Ó ní: “Tó bá wá lọ síléèwé ńkọ́, mà?” Ìyá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní àwọn á dúró dè é títí á fi dé. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó wá bá mi pé ká la iwájú bùbá náà láti ọrùn délẹ̀, ká ta bọ́tìnnì sí i, kí ìyá má bàa máa ki orí bọ̀ ọ́. Bùbá wa kì í là níwájú, mo sì kọ́kọ́ kọ̀. Òun ló tọ̀nà.

Ìbéèrè kejì tó bi ìyá yẹn ni mò ń tọ́ka sí. Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni àwọn tí mò ń bá jiyàn kì í fẹ́ dúró.

Bí mo bá ní “Ilé ńkọ́?”, o ti mọ ohun tí wàá fi dá mi lóhùn kí n tó lanu. “Wọ́n wà.” Bí ara ọmọ ò bá tiẹ̀ yá nílé, “wọ́n wà” náà lo máa kọ́kọ́ sọ. Kò burú. Iṣẹ́ tí ìkíni yẹn ń ṣe ni pé kí èmi àti ìwọ mọ̀ pé kò sí ìjà láàárín wa, torí ẹni tí a bá ń bínú sí la kì í kí. Ṣùgbọ́n èèyàn lè to ńkọ́ mẹ́fà léra wọn kó má gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tí o fi dá a lóhùn, ìlú á sì tún máa yìn ín pé ó mọ èèyàn kí.

Ẹ̀bi ìkíni wa kọ́. Ẹ wo àwọn tó fi “ẹ kú” bẹ̀rẹ̀. Kí n tó lè ní ẹ kú ìdúró, ojú mi ti gbọ́dọ̀ rí i pé orí ìdúró lẹ wà. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú àṣẹ̀yìndè: èwo nínú wọn lèèyàn lè kí láì kọ́kọ́ wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀? Ẹni tó bá ní “ẹ kú ìjókòó” fún ẹni tó ru ẹrù dání, gbogbo ọjà á mọ̀ pé kò wò ó. Àwọn tó fi àṣà yìí lélẹ̀ fi wíwò ṣáájú kíkí. Àwa la wá há ńkọ́ sórí bí orin. Ìbéèrè kìíní ṣeé há sórí. Ìkejì ò ṣeé há, torí inú ìdáhùn ẹni tí a bi ló ti ń jáde, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ìdáhùn kò lè rí i béèrè.

Lọ́dún 2017, Karen Huang àtàwọn tí wọ́n jọ ṣèwádìí ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí àwọn tí kò mọra wọn rí fi kọ̀ǹpútà bára wọn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Wọ́n ní kí àwọn kan béèrè ìbéèrè 9 ó kéré tán, kí tàwọn mìíràn má kọjá 4. Àwọn tó béèrè púpọ̀ ni ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ fẹ́ràn jù, àwọn ìbéèrè tó tẹ̀ lé ohun tí ẹnì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ló sì ṣiṣẹ́ jù lọ. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mi ò gbàgbé. Àwọn tó kàn ń ka ọ̀rọ̀ náà láti ìta, tí kì í ṣe àwọn ni wọ́n ń bi ní nǹkan, ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń dáhùn, tó ń sọ tara rẹ̀, làwọn fẹ́ràn jù. Oníbàárà mi tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ló wá sí mi lọ́kàn, torí láti ìta lòun náà ti ń wo àwọn ọmọ mi.

Mi ò ní gbé gbogbo ẹrù lé ìwádìí yẹn lórí ṣá. Orí kọ̀ǹpútà ni, Amẹ́ríkà sì ni. Ní Ọ̀yọ́, ọmọdé kì í to ìbéèrè mẹ́sàn-án síwájú àgbà, a kì í sì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń sọ pé ìbéèrè kejì ló ń sọ èèyàn di ojúmìító. Èmi ò gbà. Ohun tí ojúmìító fẹ́ mọ̀ ló ń béèrè. “Ṣé lóòótọ́ ni pé ọkọ yín ti kó jáde?” Ìwọ ò tíì dárúkọ ọkọ, òun ti débẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ jẹ lógún á gba ibi tí ìwọ fúnra rẹ ti ṣílẹ̀kùn wọlé, bí o bá sì ti ìlẹ̀kùn, á padà sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ àgbà ni, kò tiẹ̀ pọn dandan kó béèrè. Kó rántí pé wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n níjelòó, kó gbé àga fún wọn, ó tó.

Síbẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Kò sẹ́ni tó mọ ìbéèrè kejì bi bí oníjìbìtì. Àwọn gbájú-ẹ̀ tó ń pe èèyàn lórí fóònù á béèrè àlàáfíà ìyá rẹ, wọ́n á rántí orúkọ ọmọ rẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ owó á sì dé lẹ́yìn ìyẹn. Bí ìbéèrè bá ti ń yí sí nọ́ńbà BVN rẹ tàbí ohun tó kù nínú àkáǹtì rẹ, ẹ pa fóònù. Ẹ wo ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì fún yín náà dáadáa. Ibòmíì ni tiyín ń lọ.

Ní ti pé àbímọ́ni ni, lọ́jọ́ tí “Bàbá ńkọ́” ṣẹlẹ̀, mi ò bú ọmọ náà. Mo fa ìwé ìwọ̀n yọ, mo ní kó máa kọ ohun kan tí oníbàárà bá sọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ṣe é bí ìjìyà. Nígbà tó yá, mi ò rán an létí mọ́. Àwọn kan á ní ohun téèyàn ń kà nínú ìwé kì í ṣe ìfẹ́, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ fẹ́lòmíì. Èmi ò lè búra lórí inú ẹnikẹ́ni. Mo kàn mọ̀ pé kó tó lè rí nǹkan kọ, ó gbọ́dọ̀ dákẹ́ gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, obìnrin náà tún wá. Ọmọ yìí rí i láti ìta, ó yára ṣí ìwé wò kó tó lọ kúnlẹ̀. “Mọ́mì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìrántí ọlọ́dún kan Bàbá tẹ́ ẹ sọ, ṣé oṣù yìí náà ni?”

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì fa àga.