Oògùn méjì nínú hóró kan: bí oògùn àpapọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bí a ṣe ń lò ó láìséwu

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ni oògùn kan ṣoṣo kì í ká. Dókítà kọ amlodipine, oògùn kan tó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, nọ́ńbà ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Èrò tó máa kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé kí wọ́n kúkú sọ ìwọ̀n oògùn náà di ìlọ́po méjì. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2009 fi hàn pé ohun tí a ń rí nínú ìyẹn kéré: oògùn láti inú ẹgbẹ́ mìíràn tí a bá fi kún ti àkọ́kọ́ ń fa ìfúnpá wálẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ohun tí ìlọ́po ìwọ̀n yẹn lè ṣe. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oògùn àpapọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru sínú àkójọ oògùn tó ṣe pàtàkì jù, ìlànà wọn ti 2021 sì gbà pé ó dára kí oògùn náà wà nínú hóró kan bó bá ṣeé ṣe, nítorí hóró kan rọrùn láti rántí ju mẹ́ta lọ.

Ìdí tí méjì fi ń borí ọ̀kan ni pé ọ̀nà tí ara ń gbà gbé ìfúnpá sókè pọ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ lè fún mọ́ra. Kíndìnrín lè há iyọ̀ àti omi mọ́ inú ara. Èròjà kan tún wà tó ń jẹ́ angiotensin tó ń ṣe méjèèjì pọ̀: ó ń fún iṣan, ó sì ń jẹ́ kí ara di iyọ̀ mú. Ihò òkété ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá dí ojú kan, ojú kejì ló máa gbà jáde. Bí oògùn tí ń múni tọ̀ bá ti lé iyọ̀ àti omi dànù, ara á fura, á tú angiotensin púpọ̀ sí i síta láti fi dá ìfúnpá padà sókè. Bí oògùn kejì bá ti wà níbẹ̀ tó ń dènà angiotensin, ọgbọ́n ara pin nìyẹn.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ni wọ́n sábà ń pa pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń dènà angiotensin, ìran méjì sì ni wọ́n: àwọn tí orúkọ wọn parí sí -pril, bíi lisinopril àti ramipril, àti àwọn tó parí sí -sartan, bíi losartan, valsartan àti telmisartan. Ẹgbẹ́ kejì ń jẹ́ kí iṣan dẹ̀. Amlodipine ni gbajúmọ̀ wọn. Ẹgbẹ́ kẹta ni ti ìtọ̀: hydrochlorothiazide, indapamide, chlorthalidone. Wọ́n tún ń gba ara wọn sílẹ̀. Amlodipine máa ń mú ọrùn ẹsẹ̀ wú, pàápàá bó bá tó 10 mg, ṣùgbọ́n -pril tàbí -sartan máa ń dín wíwú yẹn kù. Oògùn ìtọ̀ ń fa potasíọ̀mù jáde, èyí tó jẹ́ èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ kó pọ̀ jù tàbí kó kéré jù nítorí ọkàn, àwọn tó ń dènà angiotensin ń há a mọ́ra.

Ara páálí ni ọ̀rọ̀ àìséwu ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà gàdàgbà tó wà níwájú ni orúkọ tí ilé-iṣẹ́ fi ń tà á, ó sì lè yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn. Lẹ́tà kéékèèké ìsàlẹ̀ ni ká kà: telmisartan/amlodipine 80/5 mg. Ìyẹn ni telmisartan 80 mg àti amlodipine 5 mg nínú hóró kan. Bó bá jẹ́ oògùn mẹ́ta, nọ́ńbà náà á di mẹ́ta: amlodipine/valsartan/hydrochlorothiazide 5/160/12.5 mg. Bí àwọn orúkọ ṣe tò ni nọ́ńbà ṣe tò.

Ẹni tí kò bá ka lẹ́tà kéékèèké yìí lè kó sí wàhálà láìmọ̀. Ẹnì kan ti ń lo amlodipine 10 mg tipẹ́. Wọ́n kọ oògùn àpapọ̀ fún un, amlodipine 5 mg wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó pa ti àtijọ́ tì. Orúkọ iwájú páálí kò jọra, nítorí náà ó ń lo méjèèjì. Amlodipine di 15 mg lóòjọ́, ẹsẹ̀ wú, òòyì ń kọ́ ọ bó bá dìde. Ìbéèrè kan ló ń dènà gbogbo èyí, kí ó sì jáde lẹ́nu kí ènìyàn tó kúrò níwájú dókítà tàbí apoògùn: “Nínú àwọn tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, èwo ni eléyìí gba ipò rẹ̀?” Èyí tí wọ́n bá ní kó dúró, kó má tún sí nínú àpò oògùn mọ́.

Àpapọ̀ kan wà tí kò yẹ kó wáyé: -pril pẹ̀lú -sartan. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2008 pa ramipril pọ̀ mọ́ telmisartan. Kò fi àǹfààní kankan kún ti ọ̀kan ṣoṣo, ìpalára kíndìnrín àti ìfúnpá tó lọ sílẹ̀ jù ló pọ̀ sí i. Verapamil, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, pẹ̀lú oògùn bí atenolol náà lè mú kí ọkàn máa lù lọ́ra jù, torí àwọn méjèèjì ló ń dín lílù ọkàn kù.

Ohun tó tún ń da àpapọ̀ rú jù lọ, lójú tèmi, kì í sábà wá láti ọwọ́ dókítà. Oògùn ara ríro ni. Ibuprofen àti diclofenac ń gbé ìfúnpá sókè, wọ́n sì ń fún iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ kíndìnrín. Bí ẹni tó ń lò wọ́n bá tún ń lo oògùn ìtọ̀ pẹ̀lú -pril tàbí -sartan, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ti ń fìyà jẹ kíndìnrín, ó sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Paracetamol ló sábà ń dára ju fún ìrora lásán. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú iyọ̀ àfirọ́pò, èyí tí wọ́n ń tà dípò iyọ̀ lásán: potasíọ̀mù ló pọ̀ nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, -pril àti -sartan sì ń há potasíọ̀mù mọ́ra.

Ìgbẹ́ gbuuru, èébì tàbí ibà gbígbóná tó ń gba omi ara dànù náà ń fi kíndìnrín sínú ewu bẹ́ẹ̀. Kí a ti bi dókítà léèrè ṣáájú, kó tó ṣẹlẹ̀, bóyá a ó dá oògùn dúró díẹ̀ tàbí a kò ní dá a dúró. Obìnrin tó lóyún tàbí tó ń wá oyún kò gbọ́dọ̀ wà lórí -pril tàbí -sartan, wọ́n lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Bí ètè, ahọ́n tàbí ojú ẹni tó ń lo -pril bá wú lójijì, ilé ìwòsàn ní kíákíá, kódà bó ti ń lò ó láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ikọ́ gbígbẹ tí -pril máa ń fà kì í ṣe pàjáwìrì, wọ́n kàn máa ń fi -sartan rọ́pò rẹ̀ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí a máa dìde díẹ̀díẹ̀: ká kọ́kọ́ jókòó létí ibùsùn, ká tó nàró. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún kíndìnrín àti potasíọ̀mù sábà máa ń tẹ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Amlodipine ń gbé inú ara pẹ́, ọjọ́ méjì kò tó láti fi dá a lẹ́jọ́. Bí a bá ń wọ̀n ìfúnpá nílé, kí a ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn fara ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí apá wà ní ìbámu pẹ̀lú ọkàn, ká wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ká kọ méjèèjì sílẹ̀. Nílé, 135/85 sókè ni ọ̀pọ̀ ìlànà ń pè ní gíga. Ní ilé ìwòsàn, 140/90.

Àárọ̀ tàbí alẹ́? Ìwádìí tó jáde ní 2022, tó kó àwọn ènìyàn tó lé ní 21,000 jọ ní Bìrìtìkó, fi hàn pé kò sí ìyàtọ̀ gidi fún ààbò ọkàn àti ọpọlọ. Oògùn ìtọ̀ nìkan ni kò dára fún alẹ́, nítorí kò ní jẹ́ kí ènìyàn sùn. Bí a bá gbàgbé, tí àkókò ti ọjọ́ kejì sì ti sún mọ́, ká fo ti àná, ká má lo méjì pọ̀. Ká má sì gé hóró sí méjì láìbi apoògùn, torí àwọn kan wà tí wọ́n ṣe láti máa tú sára díẹ̀díẹ̀.

Bí oògùn mẹ́ta láti inú ẹgbẹ́ mẹ́ta, ní ìwọ̀n tó pé, bá ti wà nínú ara tí nọ́ńbà ṣì ga, dókítà kì í sáré fi ìkẹrin kún un. Ó máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá oògùn ń wọlé lójoojúmọ́, bóyá ẹ̀rọ ìwọ̀n dára, bóyá ibuprofen wà níbẹ̀, bóyá iyọ̀ pọ̀ jù, bóyá àrùn mìíràn fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni spironolactone, oògùn ìtọ̀ mìíràn tó ń há potasíọ̀mù mọ́ra, sábà máa ń wọlé, àyẹ̀wò potasíọ̀mù á sì tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.