Ẹ jọ̀ọ́, inox kọ́ ni òpin fíìsì

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, àmọ́ ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ jẹ́ kí n kúkú tú u jáde. Àwa mẹ́rin la jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi níbí, ní Àjàṣẹ́, ọ̀nà Ouando, iná ti lọ, a ò lè gé alumíníọ̀mù kankan, la bá ń wo fídíò lórí fóònù. Òyìnbó kan ló ń fi pákó kan bàlúù nílé ara ẹ̀, Pietenpol ni wọ́n ń pè é, irú èyí tí Bernard Pietenpol ti Minnesota ní Amẹ́ríkà gbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò Ford Model A sí ní nǹkan bí 1929, táwọn èèyàn sì ń kan irú ẹ̀ títí dòní. Ó ti pín apá bàlúù ẹ̀ sí mẹ́ta, àárín kan, ẹ̀gbẹ́ méjì, àlàfo sì wà níbi tí wọ́n ti pàdé, ó fẹ́ fi alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́ bò ó kí atẹ́gùn má baà gba ibẹ̀ yọ sókè, ó wá ń rò ó pé irú fíìsì wo ni kóun lò (ẹ̀yin ará Nàìjíríà, sukúrúù ni mò ń wí, inox sì ni irin tí ẹ ń pè ní stainless). Kó tó parí ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe káfíńtà ti dá a lóhùn bí ẹni pé ọkùnrin náà ń gbọ́: "Inox ni kó lò jàre! Inox ló le jù, kì í dípẹtà, kó ṣáà fi òòfà dán an wò kí wọ́n má ta ayédèrú fún un."

Pé inox ò dípẹtà bí irin lásán, èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, ẹni tó bá ní géètì létí ọ̀sà ti mọ̀. Òòfà yẹn ló ń bí mi nínú.

Kò sí quincaillerie, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti fíìsì, tí ẹ máa wọ̀ tí ẹ ò ní bá a lórí káńtà, òòfà dúdú roboto tí wọ́n yọ lára sípíkà tó ti bàjẹ́. Oníbàárà á mú fíìsì, á fi kàn án, bó bá lẹ̀, ayédèrú ni, bí ò bá lẹ̀, ojúlówó ni, ó parí. Ó dáa. Ẹ dìde nísinsìnyí, ẹ lọ sí kíṣìnnì, ẹ mú ọ̀bẹ tí wọ́n kọ INOX sí lára, ẹ fi òòfà kàn án. Àfàìmọ̀ kó má lẹ̀ mọ́ ọn gbàgà. Ṣé ayédèrú ni ọ̀bẹ tí ẹ ti ń fi gé ẹran láti ọdún mẹ́wàá yìí, tí ẹ ń fọ̀, tí ẹ ń fi sílẹ̀ nínú omi, tí kò sì dípẹtà?

Ohun tó ń sọ irin di inox ni kírọ́ọ̀mù. Tó bá ti tó bí ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó máa ń bá atẹ́gùn ṣe awọ fẹ́lẹ́ kan sí ara irin náà, awọ tí ojú ò lè rí, òun ló ń dènà ìpẹtà, bí ẹ bá sì ha á, á tún hù padà níwọ̀n ìgbà tí atẹ́gùn bá ṣì ń dé ibẹ̀. Òòfà ò mọ nǹkan kan nípa kírọ́ọ̀mù. Níkẹ́ẹ̀lì ló ń da ọ̀rọ̀ rú: tí wọ́n bá fi níkẹ́ẹ̀lì tó bí ìdá mẹ́jọ kún un, bí inú irin náà ṣe tò á yí padà, òòfà ò sì ní rí i dì mú mọ́. Òun ni 18/8 tí ẹ ń rí lẹ́yìn ṣíbí, kírọ́ọ̀mù 18, níkẹ́ẹ̀lì 8. Ọ̀bẹ ò gba níkẹ́ẹ̀lì yẹn torí wọ́n fẹ́ kó le kó sì mú. Kódà èyí tí Harry Brearley dà ní Sheffield ní ọdún 1913, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn títí dòní, irú ti ọ̀bẹ ni, kírọ́ọ̀mù bí ìdá 13, kò sí níkẹ́ẹ̀lì. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi wà ní Sheffield lọ́jọ́ náà, ì bá ní kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ó kù. Fíìsì 18/8 gan-an, ojúlówó, tútù ni wọ́n ṣe lu orí ẹ̀, tútù náà ni wọ́n ṣe yí eyín sí i lára, lílù yẹn sì máa ń jẹ́ kí òòfà fà á díẹ̀. Mo so òòfà mọ́ òwú mo sọ̀ ọ́ sókè abọ́ fíìsì A2 (àmì tí wọ́n ń kọ sórí irú 18/8 nìyẹn) tí mo mọ ibi tí mo ti rà á, ó rọra yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orí fíìsì, bí ewúrẹ́ tó gbóòórùn èèpo iṣu. Ẹ sì tún yí i padà: alumíníọ̀mù ò lẹ̀ mọ́ òòfà, idẹ ò lẹ̀, ṣé inox làwọn náà ni? Nítorí náà bó bá lẹ̀, kò fi hàn pé ayédèrú ni, bí ò bá sì lẹ̀, kò fi hàn pé ojúlówó ni, mi ò wá mọ ohun tí òòfà ń ṣe lórí káńtà yẹn, bóyá láti kó ìṣó tó já sílẹ̀.

Orí fíìsì ni kí ẹ wò. A2-70, A4-80, irú àwọn nǹkan báwọ̀nyẹn: A2 tàbí A4 ni irú inox, nọ́ńbà ẹ̀yìn ni agbára ẹ̀. Àwọn fíìsì pákó kéékèèké kì í sábà ní àmì, níbẹ̀ ẹ wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, kò sí ọgbọ́n míì.

Àmì yẹn náà ló ń tú àṣírí "inox ló le jù". 70 yẹn, 700 MPa ni, ìyẹn ìwọ̀n bí wọ́n ṣe máa fà á tó kó tó já. Boulon (bóòtù) irin lásán tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí, irú tó kún ara mọ́tò, 800 ni. Àwọn boulon irin tí wọ́n ń pè ní AN, tí bàlúù kéékèèké ń lò, 125,000 psi (ìwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà) ni wọ́n kà sí i lọ́rùn, ìyẹn bí 860 MPa, àmì bí àgbélébùú ló sì wà lórí wọn. Wọ́n ní ti inox náà, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, wọ́n sì mọ ìdí tí wọn ò fi da àwọn méjèèjì pọ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà síbi àlàfo apá bàlúù yẹn, torí níbẹ̀ agbára ò tiẹ̀ jẹ́ nǹkan kan. Ká ní bàlúù ń sáré bíi kìlómítà 97 ní wákàtí kan, agbára tí atẹ́gùn fi ń tì í ò ju bíi kílò 45 lórí mítà kan níbùú lóròó. Ìbòrí yẹn, ká ní ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, ó gùn ní mítà kan ààbọ̀, ìyẹn jẹ́ kílò mẹ́wàá lé díẹ̀. Òkè apá ni atẹ́gùn ti ń fa nǹkan sókè jù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kílò ogún. Ogún fíìsì ló sì dì í mú. Kílò kan kan! Fíìsì inú páálí rédíò lè gbé e.

Ihò ló ń yọnu. Wọ́n ní láti máa tú ìbòrí náà kí wọ́n lè wo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀, ọdọọdún ó kéré tán, ẹ sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí a ti tú tí a tún dè lẹ́ẹ̀mẹrin, àwa la máa ń ki igi ìṣáná bọ ihò yẹn. Ẹ wá ro ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n mọ́ ọn. Inox ni, idẹ ni, pákó náà ló máa tú u sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń kan nọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì mọ́ ẹ̀yìn contreplaqué (plywood) kékeré, wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ́ mọ́ inú, fíìsì á máa wọ irin dípò pákó, àwọn míì sì máa ń kán epoxy, gọ́ọ̀mù líle kan, tó ṣàn sínú ihò kí pákó le. Kí nọ́ọ̀tì yẹn má jẹ́ inox tí fíìsì bá ti jẹ́ inox o, tàbí kí ẹ fi gíríìsì sí i, wọ́n máa ń mú ara wọn bí ẹni pé wẹ́dà ló jó wọn pọ̀.

Ṣé inox wá burú fún ibẹ̀? Kò burú. Mo ti ń pariwo látàárọ̀, àmọ́ n ò lè purọ́, bóyá èmi náà á lò ó. Ó kàn jẹ́ pé inox àti alumíníọ̀mù tí omi iyọ̀ bá dé àárín wọn, alumíníọ̀mù ló máa jẹrà, mo rí i lára fèrèsé tí mo ṣe ní Sẹ̀mẹ̀, létí òkun, ìyẹ̀fun funfun yí orí fíìsì po. Orí fíìsì kéré, alumíníọ̀mù gbòòrò, torí náà ó máa ń pẹ́ kó tó dà bí nǹkan, wáṣà rọ́bà tàbí fáníìṣì lábẹ́ orí ẹ̀ á sì dín in kù. Tó bá jẹ́ fíìsì alumíníọ̀mù ni ẹ fi de irin ńlá, ìyẹn lọ̀rọ̀ máa le.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni ẹni tó máa ka inox sí oògùn gbogboǹṣe. Boulon tó so apá bàlúù mọ́ ara ẹ̀, ẹ má yọ ọ́ kí ẹ fi èyí tó ń dán yanranyanran sí i. Ẹ̀yin ọlọ́kadà zém náà, boulon tó di bíréèkì mú, ohun tí wọ́n kọ sórí èyí tí ẹ yọ ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá sì rí boulon bàlúù tí àwọ̀ ẹ̀ dà bíi wúrà tó ti ṣá, kádímíọ̀mù ló sábà máa ń jẹ́, ẹ má fi yanrìn ha á, ẹ má gbé iná wẹ́dà sí i lára, májèlé ni èéfín ẹ̀.

Mo ti ń sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi títí iná fi dé, ó ní òun gbọ́. Lálẹ́ ó fi fókààlì, ohùn orí WhatsApp, ránṣẹ́: "Àbúrò, mo dán ọ̀bẹ ìyàwó mi wò. Ó lẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó dájú pé ayédèrú ni, ọjà la ti rà á."