Yíyan ọ̀nà tí fídíò máa gbà dé ojú òǹwòran

Ẹni tó fẹ́ kọ áàpù fídíò ní láti kọ́kọ́ mọ iye àkókò tí òǹwòran lè fara dà láàárín ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ níwájú kámẹ́rà àti ìgbà tí òun náà máa rí i. Ọ̀rọ̀ pé kí àwòrán mọ́ kedere, ẹ̀yìn ìyẹn ló kàn.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni HLS (HTTP Live Streaming), tí Apple gbé jáde lọ́dún 2009. Ṣe ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín fídíò, máa ń gé fídíò sí wẹ́wẹ́, á wá to orúkọ àwọn ègé náà sínú fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní playlist. Áàpù á ka playlist yẹn, á sì máa wa ègé náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tó ń ṣí ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù lásán. Ègé kan náà máa ń wà ní ìwọ̀n mélòó kan: 1080p, 720p, 360p. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, áàpù á mú èyí tó fúyẹ́. Bó bá tún já geere, á padà sórí èyí tó wúwo. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi máa ń ṣe bàìbàì díẹ̀ dípò kó dúró gbagidi. Fáìlì lásán ni ègé wọ̀nyí, nítorí náà CDN, ìyẹn àkójọ sáfà tó wà káàkiri, lè tọ́jú ẹyọ kan kó sì pín in fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni MPEG-DASH, ọ̀nà míì tó jọ ọ́, ṣe ń ṣiṣẹ́, àmọ́ HLS ni iPhone gbà láìjanpata.

Ìdádúró ni àléébù rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 6 ni Apple dábàá fún ègé kan, áàpù sì sábà máa ń kó bíi mẹ́ta jọ kó tó gbé àwòrán jáde. Ìṣẹ́jú àáyá 18 ti lọ nìyẹn. Aládùúgbò tó ń wo tẹlifíṣọ̀n á ti pariwo “góòlù!” nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà láàárín pápá lójú fóònù.

WebRTC, ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún ìbánisọ̀rọ̀ ojú ẹsẹ̀, kì í kó ègé jọ bẹ́ẹ̀. UDP, ìlànà tó ń fi dátà ránṣẹ́ láìdúró de ìdáhùn, ló sábà máa ń gbà, ohun tó bá sì já bọ́ lọ́nà kì í dá ìyókù dúró, nítorí náà ìdádúró rẹ̀ sábà máa ń kéré sí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Àmọ́ sáfà gbọ́dọ̀ di okùn ìsopọ̀ mú fún òǹwòran kọ̀ọ̀kan, CDN lásán kò lè bá a gbé e. Bí èrò bá ṣe ń pọ̀ ni owó ń gorí owó. Ìpè fídíò àti títa ọjà ní gbàǹjo nílò rẹ̀ gan-an. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kò nílò rẹ̀ rárá. Fún eré bọ́ọ̀lù, Low-Latency HLS, ẹ̀yà HLS tí ìdádúró rẹ̀ kéré, tí Apple kéde lọ́dún 2019, máa ń tó.

RTMP, ọ̀nà àtijọ́ kan tí fídíò ń gbà, ńkọ́? Flash, ètò tó ń gbé e jáde nínú bíráúsà, ti kógbá sílé ní ìparí 2020, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣì ń fi í gbé fídíò láti ọ̀dọ̀ kámẹ́rà lọ sí sáfà. Kò pọn dandan kí ọ̀nà àlọ àti ọ̀nà àbọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Láti mọ ìdádúró gan-an, gbé aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá síwájú kámẹ́rà, gbé fóònù tó ń gba fídíò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o ya méjèèjì pọ̀ ní fọ́tò kan. Yọ iye tó wà lójú fóònù kúrò nínú ti aago. Dátà fóònù ni kí o fi dán an wò, má lo Wi-Fi ọ́fíìsì.