Ọta ń gòkè àbí ó ń já wálẹ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí awò ìbọn ọdẹ

Lọ́dọọdún, bí ìgbà ọdẹ elk (ẹranko tó jọ àgbọ̀nrín, àmọ́ tó tóbi tó ẹṣin) bá ti ń kanlẹ̀kùn ní Colorado, ìpínlẹ̀ olókè ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn méjì ló máa ń dé etí àwọn tó ń bọ̀ láti Houston ní Texas. Àwọn kan ní ọta máa ń gba òkè àmì kọjá lórí òkè ibẹ̀. Àwọn kan ní òtútù ibẹ̀ ló ń fà á wálẹ̀.

Ta ló ń parọ́ nínú wọn?
Kò sí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Kí ni òkè ń ṣe fún ọta?
Afẹ́fẹ́ ló ń fa ọta sẹ́yìn. Houston fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba, àmọ́ elk lè wà ní 10,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ débi pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti ìsàlẹ̀ ló kù. Eré ọta kì í tètè dínkù níbẹ̀, kì í sì í tètè já wálẹ̀.

Ẹ mú ìbọn ọdẹ tí wọ́n ń pè ní .30-06 tó ń yin ọta 180 grain (grain ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta), tẹ́ ẹ ti tún awò rẹ̀ (gíláàsì orí ìbọn tẹ́ ẹ fi ń wo ẹran) ṣe kó máa bà gẹ́ẹ́ ní 200 yáàdì. Ní 300 yáàdì, ìyàtọ̀ Houston sí orí òkè kò tó ínṣì kan. Ní 400, bí ínṣì méjì ni. Bọ́tìnnì orí ọ̀pọ̀ awò máa ń ró kẹ́ tá a bá ń yí i, kẹ́ kan sì máa ń gbé ọta kúrò ní ínṣì kan ní 400 yáàdì. Kẹ́ méjì péré ni gbogbo ariwo yìí. Ẹni tó ń fi ṣakabùlà dọdẹ ní ogún ìṣísẹ̀ lè máa rẹ́rìn-ín.

Òtútù ńkọ́?
Ẹ̀tù tó tutù kì í jó kíákíá. Àwọn ẹ̀tù kan wà tó jẹ́ pé tí dígírì Fahrenheit kan bá lọ sílẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá ló ń kúrò nínú eré ọta. Láti 90 dígírì sí 20, 70 ti lọ nìyẹn, ọta á sì fi bí ínṣì méjì sí mẹ́ta já wálẹ̀ ní 400 yáàdì. Ohun tí òkè fún yín ni òtútù gbà padà. Ẹni tó ti yí awò rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé nítorí òkè nìkan ti fọwọ́ ara rẹ̀ dá àṣìṣe sílẹ̀.

Kí ló dé tí áàpù fóònù mi tó ń ṣírò ibi tí ọta máa bà ń sọ ohun míì?
Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nọ́ńbà tẹ́ ẹ fún un. Ìròyìn ojú ọjọ́ lè ní ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tó 30 ínṣì mẹ́kúrì ní Leadville, ìlú kan lórí òkè Colorado, bíi ti Houston. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé etí òkun ni Leadville wà ni. Èyí tó wà níbẹ̀ ní ti gidi kò ju bí 20 ínṣì àti díẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá kọ 30 síbi tí áàpù ti béèrè ìtẹ̀ ojúlé (ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ibi tẹ́ ẹ wà gan-an), etí òkun ló máa rò pé ẹ wà. Tẹ́ ẹ bá lo ìtẹ̀ ojúlé, ẹ má tún fi gíga òkè kún un.

Ìbọn mi ń tàsé ní 100 yáàdì látìgbà tí mo ti dé. Ṣé òkè ni?
Rárá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bí wọ́n ṣe ju ìbọn náà síbí sọ́hùn-ún nínú ẹrù ọkọ̀ òfúrufú. Ẹ wo àwọn nọ́ọ̀tì tó di awò mú. 15 sí 18 inch-pound (ìwọ̀n bí wọ́n ṣe ń dì wọ́n le tó) ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́. Tó bá le jù, yóò tẹ ara awò. Ẹ wá yin ọta mẹ́ta sí bébà, kẹ́ ẹ fi àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe àtúnṣe.

Ẹran wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńkọ́?
Èyí ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Ì báà jẹ́ òkè lẹ ń yìnbọn sí tàbí ìsàlẹ̀, ọta á gba òkè àmì kọjá. Tí ẹran bá wà ní 400 yáàdì, tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà sì jẹ́ 30 dígírì, ẹ kà á sí 346 yáàdì.

Kí ló tún lè bàjẹ́?
Tẹ́ ẹ bá gbé ìbọn tó tutù wọnú àgọ́ tó gbóná, ìkùukùu á bo ojú awò. Ẹ yọ ọta kúrò, kẹ́ ẹ ti ìbọn náà pa sínú mọ́tò. Ẹ nu òróró tó pọ̀ kúrò nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Òtútù máa ń mú un ki, ìbọn sì lè kọ̀ láti dún.

Tí mi ò bá ráàyè yìn ín wò lórí òkè ńkọ́?
Ẹ má yìnbọn kọjá 300 yáàdì.