Fọ́tò tó wà nínú Gallery náà ló wà nínú Files

Bàbá kan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Adó-Èkìtì lọ́jọ́ kan, wọ́n na fóònù sí mi. Fóònù ọ̀hún ti kún, ọmọ wọn bá wọ Files, ìyẹn áàpù tó ń fi àwọn fáìlì inú fóònù hàn, ó pa gbogbo fọ́tò tó bá níbẹ̀ rẹ́. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé èyí tó wà nínú Gallery ò lọ síbì kankan. Ìgbà tí wọ́n ṣí Gallery, wọn ò rí fọ́tò ìsìnkú ìyá wọn ní Ìkẹ́rẹ́ mọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò bí ọmọ yẹn, pé ọ̀tọ̀ ni ti Gallery, ọ̀tọ̀ ni ti Files. Irọ́ ni o. Fáìlì kan náà ni, inú fódà tó ń jẹ́ DCIM ni kámẹ́rà fóònù ń kó o sí. Mo fi han bàbá. Mo ya ife omi tó wà lórí tábìlì, mo wọ Files, mo sọ fọ́tò náà ní "ife omi mi". Mo ní kí wọ́n wo orúkọ rẹ̀ nínú Gallery. "Ife omi mi" ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n kàn mi orí ni.

Àwa tó ń lo kọ̀ǹpútà náà ò yọ sílẹ̀. Ẹlòmíì á kó fọ́tò ìgbéyàwó wọ Lightroom Classic, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń to fọ́tò tá a sì fi ń tún un ṣe, tán, á wá pa fódà rẹ́, torí ó rò pé fọ́tò ti wọnú Lightroom lọ. Ibi tí fọ́tò wà àti àtúnṣe tí ẹ ṣe sí i ni Lightroom ń kọ sílẹ̀, kì í gbé fọ́tò fúnra rẹ̀ mì. Ẹ pa fódà rẹ́, àmì ìyanu (!) ni yóò máa wò yín lójú.

Bó bá jẹ́ ẹ fẹ́ wá fọ́tò, kẹ́ ẹ sọ ọ́ lórúkọ, tàbí kẹ́ ẹ gbé e sí fódà míì, Files lórí fóònù tàbí File Explorer lórí kọ̀ǹpútà Windows ti tó. Mo mọ ẹni tó ń ṣí JPEG, irú fáìlì fọ́tò tó wọ́pọ̀ jù, ní Photoshop tá a fi ń tún fọ́tò ṣe, tó ń tún un sàfù, kó ṣáà lè yí orúkọ rẹ̀ padà. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún JPEG sàfù báyẹn ló ń pàdánù díẹ̀ nínú dídán rẹ̀. Yíyí orúkọ padà nínú fódà kì í fọwọ́ kan àwòrán rárá. Ìgbà tójú ẹni tó wà nínú fọ́tò bá ṣókùnkùn tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ gé etí fọ́tò ni kẹ́ ẹ tó pe Photoshop.

Ní ti bàbá, Files by Google máa ń fi ohun tí a pa rẹ́ sínú Trash fún ọjọ́ 30, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sáré lọ. Ọmọ ti kó Trash náà dànù, torí fóònù ṣì ń sọ pé òun kún. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sáwọn ẹbí l'Ékòó lórí WhatsApp ni wọ́n ń tọrọ padà báyìí.